Ilé Tí Afẹ́fẹ́ Kò Gbọdọ̀ Wọ̀

Ọjọ́ Ajé, 20 oṣù Kẹwàá

Ewé kéde láàárọ̀ yìí pé a kì í ṣe ayàwòrán-ilé mọ́. Oníṣègùn ayé ni wá. Ó ní kí n kọ ọ́ sára ògiri ọ́fíìsì ní lẹ́tà gàdàgbà. Mo kọ ọ́. Ọ̀dà tí mo fi kọ ọ́ ń rùn débi pé a ṣí fèrèsé sílẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Maeng ni orúkọ Ewé gan-an; èmi ni mo sọ ọ́ ní Ewé, torí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ayé tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá wa ni. Germany ló ti kàwé, kò sì sí ọjọ́ tí kì í dárúkọ rẹ̀. Èmi, ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ní Daejeon ni mo lọ. Òun náà kì í gbàgbé ìyẹn, pàápàá bí mo bá ṣàṣìṣe.

Ilé tó wà lọ́wọ́ wa ni ti Alága Tak, lókè odò ní Yangpyeong. Ìpara ìgbín ló fi lówó. Ìdajì obìnrin Seoul ló ń fi itọ́ ìgbín rẹ̀ pa ojú sùn. Nítorí náà Ìgbín ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, ilé náà sì ni karaun rẹ̀. Karaun olówó ńlá. Pákó láti òkè Gangwon — ẹni tó gé e ti búra pé òun gbin òmíràn. Ògiri tí a fi pòròpórò igbó àti ẹfun pò. Igbó gan-an, àmọ́ bí èèyàn bá fa ògiri náà mu, orí fífọ́ nìkan ló máa rí níbẹ̀. Fèrèsé onígíláàsì mẹ́ta. Ilẹ̀kùn tó wúwo bíi ti báńkì. Oòrùn ló ń fún gbogbo rẹ̀ níná. Balùwẹ̀ mẹ́rin fún ẹni méjì, torí a ò fẹ́ fi nǹkan ṣòfò.

Ohun tí a ń lé jù ni pé kí afẹ́fẹ́ má ráyè yọ́ wọlé, kó má ráyè yọ́ jáde. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá gbà ni ooru ń bá a gbà. Bí a bá dí gbogbo rẹ̀ pa, wọ́n á fún wa ní ìwé ẹ̀rí. Ìgò tí a ti dé pa ni ká kúkú pè é.

Lónìí ni Ìgbín wá mú ọ̀rọ̀ tuntun wá. Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ wá bá wọn gbé, ìyá sì ti ní àwọn ò ní sùn sórí ilẹ̀ tí iná mànàmáná ń mú gbóná. Iná igi ni kí wọ́n dá sábẹ́ àwọn. Ilẹ̀ gudeul gidi: ẹnu ààrò níta, òkúta pẹlẹbẹ lábẹ́ yàrá, kí èéfín gba abẹ́ òkúta kọjá kó tó jáde lókè.

Inú Ewé dùn. "Igi! Kò sí ohun tó bá ilẹ̀ ayé mu tó igi, Alága."

Mo ní, "Ọ̀gá, ìgò là ń kọ́. Ta ní ń dáná sábẹ́ ìgò?"

Ó ní, "Eom, gbogboǹṣe ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ yẹn."


Ọjọ́rú, 22 oṣù Kẹwàá

Mo yí àwòrán padà. Wọ́n dá a padà. Mo yí i padà.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 oṣù Kẹwàá

Ìyá Yecheon wá wo yàrá wọn. Ìlú Yecheon ni wọ́n ti wá sílé ọkọ, orúkọ yẹn sì ni gbogbo ayé ń pè wọ́n láti bí ọgọ́ta ọdún. Wọ́n kúrú, wọ́n ti gbó, ojú wọn mú. Wọn kì í pa ìpara ọmọ wọn. Wọ́n ní àwọn ti ń pa ìgbín nínú oko ewébẹ̀ àwọn láti ìgbà ọ̀dọ́, kò yẹ kó wá máa gun àwọn lójú lọ́jọ́ ogbó.

"Àpọ́n," wọ́n ní — mi ò sọ fún wọn pé mi ò níyàwó, ojú mi ló sọ ọ́ — "ṣé ìwọ lo ya ilé yìí?"

Mo ní èmi àti ọ̀gá mi ni.

"Ilé yín dití. Òjò ń rọ̀ níta, mo dúró sínú ẹ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Àfi bí ẹni tó ti kú."

Ewé rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ohun tí àwọn èèyàn ń sanwó fún gan-an nìyẹn, Màámi."

"Ikú?"

Ewé lọ wo fèrèsé.

Nígbà tó yá, Ìgbín fà mí lọ sẹ́yìn ilé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ balùwẹ̀ karùn-ún ni. Kì í ṣe òun. Ó ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ gáàsì èédú, èyí tí kì í rùn tó ń pa èèyàn lójú oorun, létí ìyá òun. Kì í ṣe lónìí, kì í ṣe lọ́la. Ó ní òun ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan. Ilé àyágbé, yàrá kan, èédú oníhò tí wọ́n ń dá lábẹ́ ilẹ̀ kí yàrá lè gbóná, ìgbà òtútù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Òun jẹ́ mẹ́fà.

"Ìyá mi ò lè gbọ́ ọ," ó ní. "Ṣé ó yé ọ?"

Ó yé mi. Ní orílẹ̀-èdè yìí, kò sí ìdílé tí kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ lásìkò yẹn. Tiwa ni àbúrò bàbá mi àgbà. Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ tirẹ̀ náà.

Mo fẹ́ ṣàwàdà. Kò sí èyí tó wá sọ́kàn mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ torí pé kì í sábà rí bẹ́ẹ̀.


Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù Kọkànlá

Ọjọ́ gígùn.

Bàbá Seong tó ń tẹ́ òkúta ti parí iṣẹ́. Ilẹ̀ ti gbẹ. A dáná àkọ́kọ́. Ó jó dáadáa, èéfín gba ọ̀nà tó yẹ kó gbà, òkúta gbóná, gbogbo wa bọ́ bàtà, a jókòó sílẹ̀ bí àlejò. Ewé dùbúlẹ̀ pátápátá. Ó ní kò sí irú èyí ní Germany.

Mo wá lọ tan ẹ̀rọ afèéfín ní ilé ìdáná.

Ìyàwó Ìgbín ló ra ẹ̀rọ yìí láti Italy, torí kò fẹ́ kí òórùn ẹja díndín wọ kọ́tìnnì òun. Ó lágbára. Ó ń fa afẹ́fẹ́ ilé síta, ilé sì gbọ́dọ̀ rí òmíràn fà wọlé níbì kan. Àmọ́ a ti dí gbogbo ibì kan. Iṣẹ́ ọdún kan ni. Ibi tó ṣẹ́kù ni àlàfo tó tín-ín-rín bí irun orí, láàárín amọ̀ ilẹ̀ yàrá Ìyá Yecheon. Èéfín ló sì wà lábẹ́ ibẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé, Ewé ṣì dùbúlẹ̀. Èéfín ti ń yọ ní igun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Ó fò dìde, ó wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Bàbá Seong bínú. Ó ní láyé òun, èéfín ò padà sẹ́yìn rí, àfi bí ilé yín bá ń mí sódì. Ó fi amọ̀ rẹ́ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbọn ọwọ́, ó ní ó ti tán.

Èéfín ò hàn mọ́ lóòótọ́. Mo gbé ẹ̀rọ kékeré tí mo fi owó ara mi rà kalẹ̀, èyí tó ń gbóòórùn ohun tí imú ò lè gbọ́. Ó dákẹ́. A tan ẹ̀rọ afèéfín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ké.

Mo ní kí a lu ihò. Ihò kan péré sára ògiri yàrá yẹn, nísàlẹ̀, kó tó ẹnu ife, kí afẹ́fẹ́ tútù máa gba ibẹ̀ wọlé láti ìta. Ilé á mu ún dípò èéfín.

"Ihò?" ni Ewé wí. "Nínú ilé mi?" Bíi pé mo ní kí a lu imú ọmọ rẹ̀.

A jiyàn títí. Ó ní, "Ìwé ẹ̀rí." Mo ní, "Òkú." Ó ní kí n rọra sọ̀rọ̀. Mo ní kó tún lọ dùbúlẹ̀ níbẹ̀, kí n tan ẹ̀rọ. Kò lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni òun àti Ìgbín gbà. Ihò á wà, a ó ní ìdérí fún un lọ́jọ́ ìdánwò. Mo ní kí a gbé ẹ̀rọ tó ń ké sínú yàrá náà. Ìgbín ní rárá, ìyá òun á béèrè ohun tó ń ṣọ́. A wá gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, sẹ́yìn àpótí bàtà.

Mo sọ pé, "Alága, bí a bá ṣàlàyé ihò yẹn fún wọn ńkọ́?"

Ó wò mí.

Mo ní ó ti yé mi.


Ọjọ́rú, 19 oṣù Kọkànlá

Ìdánwò. Wọ́n gbé fáànù ńlá sí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, wọ́n fa ilé náà bí ẹni ń fa ọyàn. Èmi ni mo dé ihò. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdérí náà yíká. Ọkùnrin àjọ ìwé ẹ̀rí tó wá dán an wò rí i, ó ní ó wà nínú òfin.

Òdiwọ̀n tí afẹ́fẹ́ tó ń yọ́ kò gbọdọ̀ kọjá ni 0.6. Tiwa jẹ́ 0.31. Ewé sunkún. Omijé gidi. Ó dì mọ́ ògiri.

Mo ṣí ihò náà kí n tó wọ bàtà. Mo na ọwọ́ síbẹ̀, ọwọ́ mi tutù. Mo padà láti ẹnu ọ̀nà, mo tún na ọwọ́ síbẹ̀.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 oṣù Kọkànlá

Wọ́n kó wọlé lónìí. Ọjọ́ tí ẹ̀mí tó ń yọ àwọn tó ń kó lọ sílé tuntun lẹ́nu ò sí nílé ni, gẹ́gẹ́ bí kàlẹ́ńdà òṣùpá, nítorí náà gbogbo Korea ló ń kó wọlé lónìí, owó ọkọ̀ akẹ́rù sì di ìlọ́po méjì. Ilé tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́, ẹni tó ń fi òṣùpá kó wọ ọ́. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Mo kọ ọ́ síbí.

Ìyá Yecheon ti tún inú yàrá wọn tò bí wọ́n ṣe fẹ́. Wọn ò fẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àpótí kan, ìtẹ́lẹ̀ kan, pépà èèpo igi tí wọ́n fi ń lẹ ilẹ̀kùn yàrá bíi ti àtijọ́, abọ́ lẹ̀ẹ́ ìyẹ̀fun kan. Wọ́n ní gbogbo ìgbà tí òtútù bá dé ni àwọn ń pààrọ̀ pépà ilẹ̀kùn, tí àwọn ń lẹ gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pa, ilé tuntun tàbí ilé àtijọ́. Wọ́n ti ṣa ewé pupa lójú ọ̀nà. Ewé yẹn ni wọ́n ń tẹ́ sáàárín pépà méjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, kí oòrùn lè fi í hàn. Mo di pépà mú fún wọn.

"Dì í mú dáadáa, àpọ́n. Ṣé bí o ṣe máa di ọmọge mú nìyẹn? Ó ti já bọ́."

Ara mi yá. Ẹsẹ̀ mi gbóná lórí òkúta. Mo rò pé bóyá iṣẹ́ yìí dáa náà.

Wọ́n wá fi ìka hàn mí. "Ihò wo nìyí? Òtútù ń gba ibẹ̀ fẹ́ sí mi lẹ́sẹ̀."

Ìgbín dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àpótí dání. Ó ń wò mí.

Mo ní, "Ibẹ̀ ni owó iná ọmọ yín máa ń gbà jáde, Ìyá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fọwọ́ gbá itan. Ìgbín náà rẹ́rìn-ín. Ó tẹrí ba fún mi díẹ̀, bí ẹni ń dúpẹ́.

Mo kọ àwàdà náà sílẹ̀ torí pé ó dáa.


Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù Kejìlá

Mo tún bi Ewé bóyá kí a sọ fún ìyá náà. Ó ní, "Alága ti sọ̀rọ̀. Oníbàárà ló ni ilé." Mi ò tún béèrè.


Ọjọ́ Ajé, 22 oṣù Kejìlá

Òní ni òru gùn jù lọ́dún. Gbogbo ilé ló ń se ẹ̀kọ ẹ̀wà pupa. Ewé ti rà á fún gbogbo wa, nínú ike tó ń jẹrà. A ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà.

Ìyá Yecheon ló se ẹ̀kọ tilé. Láti òwúrọ̀ ni ìkòkò ti wà lórí iná, ẹ̀rọ afèéfín ń ṣiṣẹ́ tagbára-tagbára lókè rẹ̀ kí òórùn má bàa wọ kọ́tìnnì. Ó rẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí wọ́n fi igi kún iná àwọn, àwọn fẹ́ na ẹ̀yìn. Ọ̀sán gangan.

Ẹ̀rọ ẹ̀yìn àpótí bàtà ké. Ìyàwó Ìgbín rò pé fóònù ẹnìkan ni. Ìgbín ló mọ ohun tó jẹ́. Ó gbé ìyá rẹ̀ jáde sórí yìnyín láìwọ bàtà.

Kó tó pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn, ó kọ́kọ́ sáré lọ bu omi kimchi tútù, omi ewébẹ̀ kíkan, ó ń dà á sí wọn lẹ́nu. Ohun tí wọ́n ń ṣe láyé àtijọ́ fún ẹni tí gáàsì èédú bá mú nìyẹn. Dókítà bú u, ó ní ṣé ó fẹ́ kí wọ́n kú sómi ni. Ọkùnrin tí kò fẹ́ kí a dárúkọ gáàsì, ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé.

Wọ́n ń mí. Ìyẹn nìkan la mọ̀.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 oṣù Kejìlá

Èmi àti Ewé lọ síbẹ̀. Nínú ọkọ̀, ó ń sọ pé ilẹ̀ ló sán, Bàbá Seong ló jẹ̀bi.

Mo wọ yàrá náà. Mo wo ibi ihò.

Kò sí ihò níbẹ̀.

Wọ́n ti lẹ ẹ́. Pépà mẹ́ta lórí ara wọn, etí rẹ̀ gún régé, kò sí ibi tó rúnjọ. Láàárín rẹ̀, ewé pupa kan. Oòrùn ìta kan ihò náà láti ẹ̀yìn, ewé náà ń tàn. Iṣẹ́ tó mọ́ jù nínú gbogbo ilé yẹn nìyẹn, pẹ̀lú tiwa.

Ewé, ọ̀gá mi, fi ìka kan etí pépà náà. Ó ní, "Ṣé kò sẹ́ni tó sọ fún wọn ohun tó wà fún ni?"

Mo ní mo sọ fún wọn. Mo ní mo sọ pé owó iná ló ń gba ibẹ̀ jáde.

Ó kúrò nínú yàrá.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 oṣù Kejìlá

Ilé ìwòsàn. Mo mú ọsàn lọ. Mo ti rò pé Ìgbín á lé mi. Kò lé mi. Ó ní kí n bá òun jókòó ti ìyá, òun fẹ́ lọ rí dókítà.

Ìyá Yecheon jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ara wọn le. Àwọn ni wọ́n bó ọsàn náà, wọ́n fún mi jẹ. Wọ́n ní àwọn dókítà ti àwọn mọ́ inú irin kan bí ìgò, wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí àwọn. "Ọmọ mi fẹ́ràn ìgò."

Wọ́n wá bi mí: "Ihò yẹn. Kí ni iṣẹ́ ẹ̀ gan-an?"

Mo sọ ọ́. Gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ afèéfín, ilẹ̀, gáàsì.

Wọ́n dáwọ́ ọsàn dúró. "Gáàsì. Èmi lẹ ò fẹ́ sọ gáàsì fún."

Mo ní nítorí ẹ̀gbọ́n Alága ni. Pé Alága ní ẹ ò lè gbọ́ ọ.

"Jeomrye? Ta ló ní mi ò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ Jeomrye? Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ó ti sú gbogbo obìnrin abúlé wa. Ọmọ mi yẹn ni kì í fẹ́ gbọ́. Bí mo bá ti la ẹnu báyìí, ó ti dìde kúrò nídìí oúnjẹ. Àádọ́ta ọdún, àpọ́n. Oúnjẹ ẹ̀ ti tutù sílẹ̀ tó!"

Wọ́n sọ ọ́ fún mi. Yàrá kan lórí òkè ní Seoul. Ọkọ wọn wà níbi iṣẹ́ ní Saudi. Àwọn ọmọ méjèèjì ń jà sí ibi tó gbóná nílẹ̀. Ikọ́ ń ṣe Jeomrye, nítorí náà wọ́n fún un níbẹ̀, ọmọkùnrin sunkún sùn. Ibi tó gbóná náà ni ilẹ̀ ti sán. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọkùnrin jáde lọ tọ̀. Kò pa ilẹ̀kùn dé, ó padà wá sùn. Kì í pa á dé rí. Wọ́n ti nà án lọ́sẹ̀ yẹn gan-an nítorí ẹ̀. Òtútù tó wọlé ló jí ìyá. Orí wọn ń fọ́, ẹsẹ̀ wọn ò ran wọ́n, wọ́n wọ́ dé ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n wọ́ ọmọbìnrin tẹ̀lé ara wọn. Ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀.

"Ká ní ó pa ilẹ̀kùn yẹn dé, gbogbo wa la bá lọ. Òun ló gbà mí sílẹ̀. Mi ò rí ibi tí mo ti lè sọ ọ́ fún un."

Mo ní, "Ìyá, àwàdà tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn…"

"Ó dùn," ni wọ́n wí. "Mo rẹ́rìn-ín. Mo sì lọ po lẹ̀ẹ́."

Wọ́n tún mú ọsàn mìíràn. Wọ́n ní ká ní àwọn mọ̀ ni, àwọn ì bá máa kí ihò yẹn láàárọ̀. Ẹni tó bá mú pépà dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, àwọn ì bá fi ìgbálẹ̀ lé e.

Wọ́n ò bínú. Ká ní wọ́n bínú ni.


Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù Kìíní

Ìwé ìròyìn ilé kíkọ́ kan ti mú karaun náà ní ilé ọdún. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀ lóṣù tó kọjá, kí ó tó ṣẹlẹ̀. Ewé ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tó máa wà lábẹ́ àwòrán. Mo kọ: Ilé tí kì í pàdánù ohunkóhun. Ó ní èyí tó dáa jù tí mo kọ rí nìyẹn. Ó ní kí ẹni tó ya fọ́tò náà fi kọ̀ǹpútà nu ihò kúrò lára ògiri.

Ìyá Yecheon ti padà sílé. Wọ́n ti ṣí ihò. Wọ́n ti pa ààrò náà kú. Mo gbọ́ pé Ìyá ń rìn káàkiri, wọ́n ń bú balùwẹ̀. Inú mi dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà náà.


Ọjọ́bọ̀, 15 oṣù Kìíní

Ewé sọ ọ́ fún mi nídìí ẹ̀rọ kọfí, ó ń wo ilẹ̀.

Ìyá Yecheon gbàgbé bí wọ́n ṣe ń wọ ìbọ̀sẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ló kọ́kọ́ jẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n da iyọ̀ sínú tíì. Lẹ́yìn náà wọ́n dúró lọ́dẹ̀dẹ̀, wọn ò mọ ibi tí wọ́n ń lọ, ìtọ̀ ń dà lẹ́sẹ̀ wọn. Dókítà ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn fún àwọn kan. Ara á kọ́kọ́ yá. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan á kọjá, èèyàn á rò pé ó ti lọ. Á wá padà wá mú orí. Àwọn dókítà àgbà ti rí i dáadáa nígbà èédú. Àwọn ọ̀dọ́ inú ìwé ni wọ́n ti kà á.

Mo bi í bóyá wọ́n á padà bọ̀ sípò. Ó ní àwọn míì máa ń padà. Ní ọjọ́ orí wọn, rárá.


Ọjọ́ Ẹtì, 16 oṣù Kìíní

Mi ò lọ síbi iṣẹ́. Mo jókòó. Mi ò rí nǹkan kan tó pa mí lẹ́rìn-ín.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 oṣù Kìíní

Ewé ti lọ gba àmì ẹ̀yẹ. Èmi nìkan ni mo wà ní ọ́fíìsì.

Alága Tak wọlé. Òun nìkan, kò sí awakọ̀. Kò fá irùngbọ̀n. Mo dìde, mo ní ọ̀gá mi ò sí nílé. Ó ní òun ò wá bá ọ̀gá mi. Ó fa àga, ó jókòó síwájú tábìlì mi bí ẹni tó wá wá iṣẹ́.

Mo dúró de èébú. Mo ti pèsè ọkàn mi sílẹ̀ fún un láti ìgbà yẹn, ì bá tilẹ̀ tù mí lára.

Ó ní, "Nọ́ọ̀sì kan sọ fún mi. Ó ní ìyá mi bá ọ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí o mú ọsàn wá. Ó ní ẹ pẹ́. Ó ní wọ́n ń dárúkọ Jeomrye."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Mo bi wọ́n léèrè láàná. Mo jókòó tì wọ́n. Mi ò dìde. Mo ní, Ìyá, ẹ sọ ti Jeomrye fún mi. Wọ́n ní ọmọ ta ni ìyẹn. Wọ́n ní èmi náà ńkọ́, ọmọ ta ni mí. Wọ́n ní ṣé mo ti jẹun."

Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí tábìlì mi. Ọwọ́ tó ń dán, ìpara rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

"Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ tán lẹ́nu wọn lágboolé wa; ìwọ tí o wá láti ìta lo gbọ́ ọ," ó ní. "Jọ̀ọ́. Sọ fún mi."

Mo sọ ọ́ fún un. Mi ò fi àwàdà sí i. Yàrá kan lórí òkè, bàbá ní Saudi, ìjà ibi tó gbóná, ikọ́ Jeomrye. Mo ń lọ díẹ̀díẹ̀ torí mo fẹ́ lo ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò gan-an. Nígbà tí mo dé ibi ìtọ̀ àti ilẹ̀kùn, ó gbé ọwọ́ sókè. Ó ní kí n dúró. Mo dúró. Ó ní kí n tún ibẹ̀ sọ.

Mo tún un sọ. Òun ló gbà mí sílẹ̀, wọ́n ní. Mi ò rí ibi tí mo ti lè sọ ọ́ fún un.

"Wọ́n ti nà mí," ó ní. "Lọ́sẹ̀ yẹn. Nítorí ilẹ̀kùn. Wọ́n ní òtútù tí mò ń jẹ́ kó wọlé máa pa ẹ̀gbọ́n mi." Ó ń wo ara tábìlì. "Mo jí lọ́jọ́ yẹn, mo bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, mo bá Jeomrye nílẹ̀, ó tutù. Kò sẹ́ni tó sọ gáàsì fún mi títí mo fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Mo ti dàgbà nígbà yẹn. Mo mọ̀ pé gáàsì ni. Mo mọ̀ ọ́n." Ó fi ìka kan àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. "Ọmọ ibí yìí ni kò mọ̀ ọ́n."

Ó jókòó títí. Mo po tíì fún un, kò mu ún. Ó tún ní kí n sọ ti ilẹ̀kùn. Mo sọ ọ́.

Ó wá dìde, ó wọ kóòtù rẹ̀. Ó ní òun ń lọ bá wọn nílé, òun fẹ́ sọ ọ́ fún wọn bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi, kí òun má bàa gbàgbé ibì kankan. Mo fẹ́ sọ pé wọn ò ní mọ ẹni tí wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀, wọn ò sì ní mọ ẹni tó ń sọ ọ́.

Ó mọ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ sínú pépà fún òun, àti ibi tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín sọ́rọ̀ ihò.

Mo ń kọ ọ́ báyìí.